Ẹ Jẹ́ Kí Ìró Abọ́ Kú Tán: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Ìwẹ̀ Ìró Nílé

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní gúúsù London. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ la máa ń jáde, bọ́ọ̀sì á gbé mi dé Peckham, màá wẹ̀, màá fa kọ́tìnì, màá dùbúlẹ̀, oorun ò ní wá. Kì í ṣe pé kò rẹ̀ mí o. Ó rẹ̀ mí dé mùdùnmúdùn. Etí mi ni kò gbà kí n sùn. Aago tí àwọn àgbà máa ń tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ká wá bá àwọn, pín-ín, pín-ín, pín-ín, á ṣì máa dún nínú orí mi títí di ọ̀sán.

Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní sound bath. Àwa bí ogún la dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn kan, oníkálùkù bo ara rẹ̀. Obìnrin kan jókòó sáàárín àwọn abọ́ idẹ, ó ń lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró wọn sì ń kọjá lára wa bí ìgbà tí ìyá bá ń rọra bu omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ọmọ lẹ́yìn. Èmi ń pè é ní ìwẹ̀ ìró. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ṣe é fún ara mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn obìnrin ìjọ wa àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, nínú pálọ̀ mi tí kò gbà ju ẹni mẹ́rin lọ ní ìdùbúlẹ̀. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bi mí pé báwo làwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ni mo torí wọn kọ èyí.

Abọ́ kan péré ti tó. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí fọ́tò ibi tí wọ́n to mẹ́wàá, méjìlá kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Abọ́ idẹ tí mo kọ́kọ́ rà ṣì ni mo fẹ́ràn jù: ó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà ní ẹnu, ó wúwo ju kílò kan lọ díẹ̀. Nepal àti Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Tibet ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á yọ́ bàbà àti tánganran (tin) pọ̀, bàbà tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, wọ́n á ki í bọ iná, wọ́n á máa fi òòlù lù ú títí á fi ní kòtò. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé irin méje ló wà nínú rẹ̀, pé wúrà wà níbẹ̀, pé abọ́ náà ti lo igba ọdún. Ẹ má torí ìtàn san owó lé owó. Ohùn rẹ̀ lẹ ń rà.

Bí ẹ ó ṣe gbọ́ ohùn náà nìyí. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ gbé abọ́ lé e láàárín gangan. Ẹ má ká ìka mú un, torí ibi tí ìka bá ti kàn án ni ohùn rẹ̀ á ti kú. Ẹ fi igi tí wọ́n fi aṣọ wé lórí lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ń sùn. Ẹ dijú. Ẹ kà láti ení. Èyí tó bá ti dákẹ́ kẹ́ ẹ tó ka ogún, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Tèmi máa ń dún títí màá fi ka àádọ́ta, ìgbà mìíràn á kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà, ẹ tún fetí sí nǹkan kan. Ìró náà kì í lọ tààrà. Ó ń wá, ó ń lọ, wùùn, wùùn, wùùn, àfi bí ẹni pé abọ́ náà ń mí. Ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú, kò rí roboto délẹ̀délẹ̀, kò sì nípọn bákan náà yíká, ìdí nìyẹn tí abọ́ kan ṣoṣo fi ń gbé ohùn méjì tó súnmọ́ra jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ń gbọ̀n nígbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èkejì ń gbọ̀n nígbà 203, etí á gbọ́ ìgbì 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Èyí tí ìgbì rẹ̀ bá lọ́ra ni kẹ́ ẹ mú. Ti kíákíá máa ń mú kí àyà èmi já, mi ò mọ ti yín, àmọ́ ẹ gbọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àwọn abọ́ funfun tí wọ́n fi quartz, irú òkúta kan tó ń dán bíi dígí, ṣe wà, tó dà bíi tánńgáràn olówó iyebíye. Ohùn wọn mọ́ gaara, àmọ́ wọ́n ń fọ́, wọ́n sì máa ń gún etí nínú yàrá kékeré. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Gong náà, ìyẹn awo idẹ ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ tí wọ́n sì ń lù, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ibì kan tí mo lọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ gong ni wọ́n tẹ́ ẹní mi sí, kò tó ìwọ̀n apá kan sí orí mi. Ẹni tó ń lù ú ń lù ú lọ, ó ń pọ̀ sí i, ó ń pọ̀ sí i, ojú tì mí láti dìde torí gbogbo èèyàn ti dákẹ́ lọ. Ọjọ́ méjì ni orí fi fọ́ mi, etí mi ọ̀tún ń kùn ṣáá. Láti ìgbà náà ni mo ti fi ṣe òfin nínú ilé mi: kò sí abọ́ tó gbọ́dọ̀ súnmọ́ orí ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ mi ju ìgbésẹ̀ ńlá méjì lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ dìde, kó dìde, kó jáde, mi ò ní bi í. Mo ní áàpù kan lórí fóònù tó ń wọn ariwo. Lábẹ́ òfin Ìlú Ọba, ibi iṣẹ́ tí ariwo rẹ̀ bá dé ìwọ̀n decibel 85 ní ìpíndọ́gba ojúmọ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ohun ìbotí. Ìsinmi lèmi ń wá, nítorí náà mi ò kì í jẹ́ kó kọjá 65 níbi tí orí ẹni tó dùbúlẹ̀ wà.

Ẹ tún wá nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé abọ́ náà lé. Wọ́n máa ń ta tìmùtìmù kékeré pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ èmi fi ìborùn àtijọ́ kan ká òṣùká, bí èyí tí a fi ń ru omi gẹ́lẹ́, abọ́ náà sì jókòó sínú rẹ̀ dáadáa. Igi ìlù méjì ni mo ní. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn tó nípọn wé lórí ni mo ń lò. Igi lásán máa ń han, ó máa ń ta gbọ̀ọ́ kí ìró tó jáde, ẹni tó ti ń sùn lọ á ta gìrì. Ẹ ti lè rí àwọn tó ń fi igi yí etí abọ́ po kó lè máa kọrin. Ó wuni, ṣùgbọ́n ìró yẹn kì í lọ sílẹ̀, ńṣe ló ń gòkè. Bó bá di ọ̀rọ̀ oorun, ìró tó ń lọ sílẹ̀ la nílò.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá, ẹ bi í léèrè nípa ara rẹ̀. Ẹni tó ní wárápá, ẹ má ṣe é fún un láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i, torí ìró lè fa gìrì fún àwọn mìíràn. Aboyún tí oyún rẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ ní kó ní sùúrù. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà láti ran ọkàn lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n fi irin to eegun rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ má gbé abọ́ lé e lára rárá. Èmi kì í tiẹ̀ gbé e lé ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń kùn tẹ́lẹ̀, ẹ lù ú kó gbọ́ nígbà tó ṣì jókòó, tí kò bá bá a lára mu, ó parí nìyẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo, tí ìrántí ń dà láàmú, ìdákẹ́jẹ́ lè jẹ́ ìdẹ́rùbà fún un. Ẹ jẹ́ kó lajú, kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fúnni, kí onítọ̀hún máa lò ó lọ. Mo sọ èyí torí pé ẹnì kan ti bi mí bóyá òun lè dá a dúró.

Àwọn ará wa tún ní ìbéèrè mìíràn, ó sì tọ́ kí wọ́n bi í. Màmá kan wà ní ìjọ wa, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, oorun wọn ò sì tó nǹkan láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Mo ní kí wọ́n wá. Wọ́n wá, Bíbélì wà lábíyá wọn, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n ń wo abọ́.

"Ta lò ń fi agogo yìí pè?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni, Mà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ni."

"Níbi tó ti wá ńkọ́? Ta ni wọ́n ń fi pè níbẹ̀?"

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń lo agogo oníkòtò bí irú èyí níbi àdúrà wọn, ní Japan àti níbòmíràn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn dùbúlẹ̀ kó máa gbọ́ ọ fún ìsinmi, ti ayé òde òní ni, lẹ́yìn ọdún 1970 làwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di nǹkan. Mo ní mi ò ka ọfọ̀ sí i, mi ò pe orúkọ kankan sí i, tí ọkàn wọn ò bá sì gbà á, tíì wà nílẹ̀, ká mu tíì ká sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní àwọn á jókòó, àwọn ò ní dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé Bíbélì lé itan. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó ni àtàǹpàkò wọn ti ń họ etí Bíbélì náà, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Mo lu abọ́, mo dúró. Mo tún lù ú, mo dúró. Ní ìgbà kẹrin, kí ìró náà tó tán, àtàǹpàkò náà dúró. Ọwọ́ wọn ṣí díẹ̀, bí ọwọ́ ọmọdé tó gbàgbé ohun tó mú dání. Èjìká wọn sọ̀ kalẹ̀. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n lẹ́sẹ̀, mi ò sì lu abọ́ mọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni wọ́n fi sùn lórí àga.

Ọ̀rọ̀ dídúró yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, torí pé ó kàn wá ju bó ṣe kan àwọn òyìnbó tó kọ́ mi lọ. Nígbà tí mo ra abọ́ méjì kún ti àkọ́kọ́, ọ̀kan ohùn òkè, ọ̀kan àárín, ọ̀kan ìsàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n tẹ̀ léra bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe: mí, re, dò, mí, re, dò. Nígbà tá a parí, àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dìde jókòó, ó ní, "Àǹtí, abọ́ yín ń bi mí pé kí lo rà, kí lo rà. Mo ti ṣírò gbogbo owó tí mo ná lọ́jà láti ọjọ́ Sátidé." Mo padà lù ú. Kí lo rà? Ó ń sọ ọ́ kedere.

Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ la gbọ́ dàgbà. Dò, re, mí ni olùkọ́ fi kọ́ wa ní àmì ohùn. Etí wa ò lè gbọ́ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kí wọ́n máa tẹ̀ léra wọn kó má wá ọ̀rọ̀ síbẹ̀, orí tó bá sì ń wá ọ̀rọ̀ ò tíì sinmi. Fún Yorùbá, ẹ má to abọ́ bí ẹni ń sọ gbólóhùn. Ẹ lu ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìró rẹ̀ kú tán pátápátá, kẹ́ ẹ máa ṣiyèméjì pé ṣé ó ṣì ń dún àbí kò dún mọ́. Ẹ mí sínú lẹ́ẹ̀kan, ẹ mí síta. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó lu òmíràn. Ibi tí ìró ti ń kú lọ yẹn gan-an ni etí ti ń tẹ̀ lé e, tí èémí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ẹni tó bá ń kánjú lù ú ti gba ohun tí àwọn tó dùbúlẹ̀ wá gbà lọ́wọ́ wọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí tí àwọn èèyàn bá wá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló bá wa lára mu, àwọn aládùúgbò lókè àti nísàlẹ̀ ò sì ní ráhùn. Mo máa ń ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀bà tàbí iyán ní wákàtí méjì ṣáájú, kí wọ́n sì lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Gbogbo fóònù lọ sí yàrá. Mo máa ń yọ fíríìjì kúrò lára iná, torí pé tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, kíkùn rẹ̀ á gba gbogbo pálọ̀. Mo wá lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn kí n má gbàgbé láti tàn án padà. Ẹní tó nípọn, ìrọ̀rí kan lábẹ́ orí, òmíràn lábẹ́ orúnkún. Ìrọ̀rí abẹ́ orúnkún yìí ló ń gba ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé aláìsàn sókè sódò là, ẹ má fò ó. Ẹ bò wọ́n dáadáa, ooru ì báà mú. Tí ara bá ti dúró jẹ́ẹ́, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un.

Gbogbo rẹ̀ kì í kọjá ìṣẹ́jú 35. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan abọ́. Mo máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí gìgísẹ̀ wúwo, kí ìdí wúwo, kí àgbọ̀n dẹ̀, kí wọ́n mí síta ju bí wọ́n ṣe mí sínú lọ. Lẹ́yìn náà, abọ́ ohùn ìsàlẹ̀, láti apá ibi ẹsẹ̀ wọn. Mo lè lu òun nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí mo bá rí i pé ikùn wọn ti ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ dọ́gba, màá mú ti àárín wọ inú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìní ètò. Ti òkè kì í ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, òun ni mo sì máa ń lù jẹ́jẹ́ jù. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méje, mo máa ń gbé igi ìlù sílẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ibi tí mo ti dákẹ́ yìí ni nǹkan ti tán, àwọn tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti dùn jù.

Láti jí wọn, mi ò kì í lu nǹkan kan. Mo máa ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́, àwọn àgbà ṣáájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ mi ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó dìde jókòó. Ẹni tó bá fò dìde, òòyì á kọ́ ọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo máa ń fún wọn. Àwọn mìíràn máa ń sunkún. Mi ò kì í bi wọ́n pé kí ló dé, mo kàn máa ń jókòó tì wọ́n.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ní 2017, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní California pẹ̀lú èèyàn 62. Wọ́n béèrè bí ara ṣe rí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbọ́ abọ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ: ìdààmú ọkàn, ìbínú, àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dínkù. Ṣùgbọ́n kò sí àwọn kan tó kàn dùbúlẹ̀ láìgbọ́ abọ́ tí wọ́n lè fi wọ́n wé, nítorí náà a ò lè sọ pé abọ́ nìkan ló ṣe é. Ó lè jẹ́ ìdùbúlẹ̀ náà, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan bò ọ́ láṣọ lọ́jọ́ yẹn. Ó tó mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò lè bá ẹnikẹ́ni tà ni pé abọ́ yìí ni ti ọkàn, tọ̀hún ni ti kíndìnrín, pé ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 432 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń wo àìsàn. Mi ò rí ẹ̀rí rẹ̀ rí, mo sì mọ àwọn tó ti ná owó oògùn sórí rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, tí kò sí ààyè ìṣẹ́jú 35, èyí tí mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ rèé. Tí mo bá ti wẹ̀ tí mo fa kọ́tìnì, màá jókòó sí etí ibùsùn, abọ́ á wà lórí òṣùká lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá lù ú lẹ́ẹ̀kan, màá jókòó gbọ́ ọ títí á fi tán. Màá lù ú lẹ́ẹ̀kejì, màá gbé ẹsẹ̀ sókè, màá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìdùbúlẹ̀ ni mo ti máa ń na ọwọ́ lù ú, màá gbé igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ òpin ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn.